Ẹ rẹ ẹ́ ná: bí a ṣe ń fi kòkòrò gbígbẹ bọ́ ẹja inú gíláàsì l'Ékòó

Ẹni tó bá ti fọ́n gaàrí gbígbẹ sẹ́nu rí, tó wá fi ife omi tútù méjì tẹ̀ lé e, mọ ohun tí ikùn máa ń sọ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i. Gaàrí ò mọ ẹnu yàtọ̀ sí abọ́. Ibi tó bá ti bá omi pàdé ló ti máa wú. Bloodworm gbígbẹ, kòkòrò pupa tín-ín-rín tí a fi ń bọ́ ẹja, náà ò gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ikùn ẹja beta kò fi bẹ́ẹ̀ ju ẹyinjú rẹ̀ lọ, torí náà ẹ wo ẹyinjú ọ̀hún dáadáa kí ẹ tó da ìgò dé e lórí.

Gbogbo ọ̀rọ̀ kòkòrò gbígbẹ, ọ̀rọ̀ omi ni. Nígbà tó bá wà nínú ìgò, ẹ̀kán omi kan kò gbọdọ̀ kàn án. Nígbà tó bá ń lọ sẹ́nu ẹja, omi gbọ́dọ̀ ti kún inú rẹ̀. Ohun tí à ń rí nílé àti ní ṣọ́ọ̀bù káàkiri Èkó ni òdìkejì: ìgò tí ọ̀rinrin ti wọ̀, tí kòkòrò inú rẹ̀ ti ń lẹ̀ mọ́ ara wọn, tí wọ́n á sì tún bù ú ní gbígbẹ sórí omi fún ẹja.

Ohun tó wà nínú ìgò

Orúkọ ń tan èèyàn jẹ. Bloodworm kì í ṣe ekòló rárá. Ìdin kòkòrò abìyẹ́ kékeré kan ni, èyí tó jọ ẹ̀fọn bí ẹni pé ìyá kan náà ló bí wọn, ṣùgbọ́n tí kì í jẹ èèyàn. Chironomid ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Inú omi ló ń yé sí bíi ti ẹ̀fọn, àmọ́ ọmọ tirẹ̀ kì í jó lókè omi bíi tanwíjí. Inú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ ló ń gbé, níbi tí atẹ́gùn ò ti pọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi ní hemoglobin tó ń di atẹ́gùn mú, ohun kan náà tó mú kí ẹ̀jẹ̀ tiwa pupa. Tubifex, èkejì tí wọ́n máa ń tà ní gbígbẹ, ni ekòló tòótọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ìbátan ekòló inú oko ni, ó tín-ín-rín bí òwú, á ki orí bọ inú ẹrẹ̀, á wá máa fi ìrù jó nínú omi. Bloodworm máa ń wà ní ẹyọ ẹyọ nínú ìgò. Tubifex ni wọ́n máa ń tẹ̀ pọ̀ bíi ṣúgà oníhóró, tí ẹyọ kan fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ freeze-dried tó wà lára páálí náà, oòrùn kọ́, ààrò kọ́. Wọ́n á kọ́kọ́ mú kí kòkòrò náà dì bíi yìnyín, wọ́n á wá tì í mọ́ inú ẹ̀rọ tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Nígbà tí agbára afẹ́fẹ́ inú ẹ̀rọ bá ti wálẹ̀ ju nǹkan bíi 611 pascal lọ, yìnyín kò lè yọ́ di omi mọ́, oru ló máa ń dà tààrà. Ibi tí yìnyín wà tẹ́lẹ̀ á wá di ihò. Ẹ fi wé pánla. Pánla máa ń sún kì bó ṣe ń gbẹ, á le bí igi, ẹ sì ní láti rẹ ẹ́ fún wákàtí púpọ̀ kó tó rọ̀. Kòkòrò freeze-dried kì í sún kì. Bó ṣe gùn nígbà tó wà láàyè ló ṣe máa gùn nínú ìgò, àfi pé ó fúyẹ́ bíi fóòmù, ihò kún inú rẹ̀. Nígbà tó wà láàyè, ohun tó ju ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ara rẹ̀ lọ omi ni. Gbogbo omi yẹn ló ń wá padà gbà tó bá dé inú táńkì, tàbí inú ikùn ẹja.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń tà á kì í sọ. Ọ̀nà gbígbẹ yìí gan-an ni àwọn ilé àyẹ̀wò fi ń tọ́jú bakitéríà kó lè wà láàyè fún ọdún púpọ̀, òun náà ni wọ́n fi ń gbẹ oríṣi àjẹsára kan. Aràn àti kòkòrò tó lára gbọ̀ngbọ̀n lè kú sínú yìnyín, ṣùgbọ́n bakitéríà lè kàn sùn ni. Nítorí náà, ẹni tó bá ní “ó ti gbẹ, kò sí àrùn lára rẹ̀ mọ́” ń ta ọjà ni. Èyí tó ti ibi ìdọ̀tí wá ṣì gbé ìdọ̀tí dání.

Gbígbẹ, dídì, tàbí láàyè?

Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa jẹ: èyí tó dì nínú fírísà dára ju gbígbẹ lọ. Omi ara rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, kì í wú nínú ikùn, ẹja sì ń tètè gbà á. Ibi tí wàhálà wà ni iná. Bí iná bá lọ fún wákàtí mẹ́jọ, yìnyín á yọ́. Bí iná bá dé, á tún dì. Bloodworm tó ti yọ́ tó tún dì ti ń jẹrà láàárín, àwọ̀ rẹ̀ á ṣókùnkùn, omi rírà á yọ lára rẹ̀ nígbà tí ẹ bá tún gbé e síta. Dídà nù ló yẹ ẹ́. Bí ẹ bá ní inverter tó ń gbé fírísà tàn-ín-tàn-ín, ẹ ra dídì. Bí ẹ kò bá ní, gbígbẹ ni tiyín, kì í sì í ṣe ìtìjú.

Láàyè ńkọ́? Nínú gọ́tà Mushin tàbí Ebute Metta, ẹ lè rí tubifex tó pupa bẹẹrẹ, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó ń mú kó sanra nínú gọ́tà yẹn ni omi ṣáláńgá, òróró ẹ́ńjìnnì àti oògùn ẹ̀fọn tí òjò wọ́ wá sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, gbogbo rẹ̀ ló ń kó sára. Tanwíjí inú garawa òjò mímọ́ sàn jù ú lọ fíìfíì, bí ẹ bá fi asẹ́ gbọ́n ọn lójoojúmọ́ kó má baà di ẹ̀fọn sí yín lọ́rùn.

Bí a ṣe ń rẹ ẹ́

Omi inú táńkì fúnra rẹ̀ ni kí ẹ lò, kì í ṣe omi ẹ̀rọ, kì í ṣe omi gbígbóná. Omi gbígbóná á tú ara kòkòrò náà ká, gbogbo adùn rẹ̀ á sì dà sínú omi tí ẹ fẹ́ dà nù. Ẹ bu ṣíbí ìjẹun méjì omi táńkì sínú ife kékeré. Ẹ fi ẹ̀mú kékeré tó gbẹ mú bloodworm jáde. Ọwọ́ tútù kò gbọdọ̀ wọ ìgò láéláé. Ẹ jẹ́ kó wà nínú omi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tubifex oníhóró fẹ́ tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ sì fi ìka fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ láàárín ìgbà náà, torí àárín rẹ̀ ni omi ń dé gbẹ̀yìn. Èyí tó rọ̀ lóde tó ṣì gbẹ láàárín kò tíì jinná, bí ẹ̀wà tí a gbé kalẹ̀ láìtíì rọ̀.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ óò rí i pé púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣì léfòó. Afẹ́fẹ́ ló há sínú àwọn ihò yẹn. Fún ẹja tó ń jẹun lókè omi, kò burú púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹja tó bá gbé kòkòrò tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀ mì ń gbé afẹ́fẹ́ mì pẹ̀lú rẹ̀, àwọn tó ń wá oúnjẹ nísàlẹ̀ kò sì ní rí nǹkan kan jẹ. Sírínjì ló ń yanjú èyí. Ẹ ra sírínjì 20 ml ní kẹ́mísì, ẹ yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀ dà nù. Ẹ fa igi àárín rẹ̀ yọ, ẹ da kòkòrò àti omi rẹ̀ sínú, ẹ ti igi náà padà, kí ẹ sì yí ẹnu sírínjì sókè kí ẹ lè ti afẹ́fẹ́ tó wà lókè omi jáde. Ẹ wá fi ìka dí ẹnu rẹ̀ pinpin, kí ẹ fa igi náà sẹ́yìn. Ẹ óò rí ìfófòó wẹ́wẹ́ tí yóò máa jáde lára kòkòrò. Ẹ tú u sílẹ̀, ẹ tún fà á. Bí ẹ bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta sí mẹ́rin, afẹ́fẹ́ ti jáde, omi ti gba ipò rẹ̀, kòkòrò á rì lọ sísàlẹ̀ bíi pé láàyè ló wà. Bí kò bá rì, ìka yín kò dí ẹnu sírínjì dáadáa, tàbí ẹ ti kó kòkòrò pọ̀ jù sínú rẹ̀.

Ẹ da gbogbo rẹ̀ sínú asẹ́ tíì, kí omi pupa rúsúrúsú yẹn lọ sínú síńkì. Omi yẹn kì í ṣe ọbẹ̀. Eruku àti purotéènì tó ti yọ́ ló wà nínú rẹ̀, ẹja kò lè mu ún, bakitéríà nìkan ló ń jẹ ẹ́, òun ló sì ń sọ omi táńkì di funfun bí omi ìrẹsì lọ́jọ́ kejì. Bí ẹ bá fẹ́ fi fítámì olómi kún un, ẹ̀yìn tí ẹ bá ti sẹ́ ẹ tán ni kí ẹ kán ẹ̀kán kan tàbí méjì lé e lórí, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ẹ má rẹ ẹ́ mọ́jú. Nínú ooru 30°C, wákàtí mẹ́ta péré ti tó kó máa rùn. Ìdajì wákàtí ni òpin. Èyí tí ẹja ò bá jẹ tán, ẹ má dá a padà sínú ìgò.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ fi lè fún wọn ní tubifex láìrẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀, òun ni lílẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì. Ẹ gé ìdajì hóró kan, ẹ fi àtàńpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara gíláàsì lábẹ́ omi, bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sísàlẹ̀ ojú omi, kí ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá títí afẹ́fẹ́ á fi jáde. Á lẹ̀. Àwọn guppy àti tetra á wá máa ṣá a jẹ díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n sì ṣe ń ṣá a ni omi ń wọlé. Ẹ jìnnà sí ẹnu fíltà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ omi á já a gbà lọ́wọ́ yín. Àwọn ẹja tó lẹ́nu ńlá kò gbọdọ̀ rí èyí: oscar tàbí angelfish tó ti dàgbà á já gbogbo hóró náà ní gbígbẹ, á gbé e mì lódidi, ẹ sì ti padà sí ọ̀rọ̀ gaàrí nìyẹn.

Ẹran ni, kì í ṣe ẹ̀bà

Ẹ sábà máa rí i lára páálí bloodworm gbígbẹ pé purotéènì rẹ̀ ju 50% lọ. Nọ́ńbà yẹn ló ń mú kí àwọn èèyàn sọ ọ́ di oúnjẹ ojoojúmọ́. Ẹran nìkan kò ṣe é tọ́ ọmọ. Kálísíọ́mù rẹ̀ kò tó, fítámì rẹ̀ kò pé, èyí tó sì wà níbẹ̀ ń dínkù bó ṣe ń pẹ́ nínú ìgò. Pẹ́lẹ́ẹ̀tì tó dára, oúnjẹ ẹja oníhóró, ni ẹ̀bà àti ọbẹ̀. Kòkòrò ni ẹran tó wà lórí rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó fún ọ̀pọ̀ ẹja, kí ọjọ́ kan sì wà lọ́sẹ̀ tí wọn ò ní jẹ nǹkan kan rárá. Àkókò kan ṣoṣo tí a lè fún wọn léraléra ni bíi ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó yé, nígbà tí a bá fẹ́ kí abo ní ẹyin lára, díẹ̀díẹ̀ náà sì ni.

Ìwọ̀n wá ńkọ́? Beta kan, bloodworm méjì sí mẹ́ta tí a ti rẹ, ó parí. Bí ó bá ń wò yín lójú bí ẹni tí ebi ń pa, ojú rẹ̀ nìyẹn látayé. Ẹja kéékèèké mẹ́wàá nínú táńkì lítà 60, ohun tí ìka méjì lè ṣà tó, tí kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí tíì lọ ní gbígbẹ, kí ẹ sì gé e wẹ́wẹ́ bí wọ́n bá jẹ́ neon tetra, torí ẹnu wọn kéré. Angelfish tó dàgbà, mẹ́fà sí mẹ́jọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Corydoras fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ fi sírínjì gbé e dé ìsàlẹ̀ níwájú wọn lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa iná táńkì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn tòkè á ti jẹ ẹ́ tán lójú ọ̀nà. Oscar tó dàgbà, ẹ má dà á láàmú. Ekòló gidi láti inú ọgbà tí ẹnikẹ́ni ò fọ́n oògùn sí, tàbí edé tútù, ni tirẹ̀.

Àwọn ọmọ ilé wa náà wà níbẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Kribensis tí wọ́n ń sìn káàkiri ayé, apá gúúsù Nàìjíríà àti Cameroon ló ti wá. Ẹja yìí ń jẹ lókè, ó ń jẹ ní àárín, ó ń jẹ nísàlẹ̀, bloodworm tí a rẹ dáadáa sì máa ń mú kí ikùn abo pọ́n yòò bí àkókò yíyé bá tó. Ẹja labalábá, Pantodon, tí òun náà wà nínú omi wa, ojú omi ló ń gbé pátápátá, ẹnu rẹ̀ kọjú sókè, kòkòrò tó bá jábọ́ sórí omi ló ń jẹ. Òun nìkan ló yẹ kí ẹ fi èyí tó ń léfòó sílẹ̀ fún: ẹ rẹ ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ má fi sírínjì fa afẹ́fẹ́ rẹ̀. Ẹja elẹ́nu erin tó wà nínú odò Ọya yàtọ̀ sí i pátápátá. Alẹ́ ló ń jẹun, ó ń fi àgbọ̀n gígùn yẹn tú ilẹ̀ wò, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í wo pẹ́lẹ́ẹ̀tì. Bloodworm tó rì, lálẹ́, nínú òkùnkùn, níbi kan náà lójoojúmọ́. Òun ni mo yọ sílẹ̀ nínú òfin ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Goldfish kò nílò rẹ̀ púpọ̀: ìfun rẹ̀ gùn, kò ní àpò ikùn, ewébẹ̀ àti pẹ́lẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ló bá a lára mu, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ sì ti pọ̀ jù fún àwọn onírù gígùn oníkùn róbótó yẹn. Mbuna, àwọn ẹja aláràbarà ti adágún Malawi, ẹ má fún wọn rárá. Ewé orí òkúta ni wọ́n ń họ jẹ nílé wọn. Ẹran púpọ̀ ń da ìfun wọn rú, ikùn á wú, ó sì sábà máa ń pa wọ́n.

Nígbà tí nǹkan bá yíwọ́

Ikùn ẹja wú, kò yàgbẹ́, tàbí ìgbẹ́ funfun gígùn kan ń wọ́ tẹ̀ lé e. Ó ń fẹ̀gbẹ́ kan lúwẹ̀ẹ́ tàbí kò lè sọ̀kalẹ̀. Ẹ dá oúnjẹ dúró fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìyẹn nìkan ti tó. Bí kò bá lọ, ẹ ra Epsom salt ní kẹ́mísì, ẹ po ṣíbí tíì kan mọ́ omi nínú ife fún lítà 20 kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá rọra dà á sínú ike ọ̀tọ̀ tí ẹja náà wà. Kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀ o. Iyọ̀ ọbẹ̀ jẹ́ sodium chloride. Epsom jẹ́ magnesium sulphate, òun ló ń mú kí ìfun tú sílẹ̀. Nígbà tí ẹja bá tún fẹ́ jẹun, daphnia, kòkòrò inú omi kékeré kan, ló yẹ kó fi bẹ̀rẹ̀. Fún goldfish, green pea kan tí ẹ ti sè tí ẹ sì ti bó èèpo rẹ̀.

Ẹ wo ìpẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó pinnu. Bí ìpẹ́ bá dìde nàró lára rẹ̀ bí ara ọ̀pẹ òyìnbó, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí oúnjẹ. Omi ló ti kún inú ara nítorí kíndìnrín tàbí bakitéríà, ebi kò lè wo ìyẹn sàn. Ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó kù.

Omi tó di funfun láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀bi oúnjẹ tó ṣẹ́kù ni. Ohun tí wọn ò bá jẹ tán ní ìṣẹ́jú méjì ti pọ̀ jù. Ní ìṣẹ́jú karùn-ún, ẹ fi rọ́bà tín-ín-rín ti ẹ̀rọ atẹ́gùn fà á jáde. Kòkòrò rírọ̀ tó wọ abẹ́ òkúta á rà, á di amóníà. Ibi tí amóníà ti ń pani ni ó yẹ ká dúró sí díẹ̀. Ní 30°C, bí pH omi, ìwọ̀n tó ń fi hàn bóyá omi ní ásíìdì, bá jẹ́ 7, kò tó 1% nínú gbogbo amóníà tó wà ní ipò tó ń ṣe májèlé. Bí pH bá gòkè dé 8, ó ti sún mọ́ 7.5%. Omi borehole ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Èkó máa ń ní ásíìdì díẹ̀, ìyẹn sì ń dáàbò bo ẹja láìjẹ́ pé olówó rẹ̀ mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó kó ìkarahun etí òkun láti fi ṣe táńkì lẹ́wà ti gbé pH sókè, oúnjẹ àjẹkù tí kò ṣe nǹkan kan nínú táńkì aládùúgbò lè pa ẹja tirẹ̀. Ẹ pààrọ̀ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá omi, kí ẹ má bọ́ wọn lọ́jọ́ yẹn.

Kí ẹ tó bu oúnjẹ, ẹ kọ́kọ́ wo iná. Lítà omi kan ní 20°C lè gba nǹkan bíi 9.1 mílígíráàmù atẹ́gùn. Ní 30°C, bíi 7.5 ni. Ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹran ń mí ju èyí tí ebi ń pa lọ. Bí ẹ bá bọ́ wọn ní agogo mẹ́wàá alẹ́, tí ẹ pa jẹnẹrétọ̀ ní mọ́kànlá, tí fíltà sì dúró títí di àárọ̀, ohun mẹ́ta ló pàdé: ooru, ikùn tó kún, àti omi tí kò mì. Ẹ bọ́ wọn nígbà tó bá dá yín lójú pé iná tàbí ẹ̀rọ atẹ́gùn oníbátìrì á ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjì ó kéré tán.

Ọ̀rọ̀ ṣíṣa oúnjẹ jẹ náà wà. Ẹja tó bá ti tọ́ bloodworm wò lójoojúmọ́ fún oṣù kan á máa tu pẹ́lẹ́ẹ̀tì dà nù. Ẹ má ṣàánú rẹ̀. Ẹja tó lera lè gba ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin láìjẹun láìsí ewu. Lọ́jọ́ karùn-ún, pẹ́lẹ́ẹ̀tì á dùn.

Ìgò nínú ọ̀rinrin Èkó

Ọ̀sà ló yí wa ká. Láti ìgbà òjò títí tí ọyẹ́ á fi dé, afẹ́fẹ́ ìlú yìí fúnra rẹ̀ ń rẹ ohun gbogbo, bisikí tí a ṣí sílẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó kì í dún mọ́ bó bá di ọ̀la. Kòkòrò freeze-dried ju bisikí lọ, nítorí ihò inú rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí ìgò ńlá ni ọ̀rinrin ń wọlé, torí náà ẹ bu èyí tí ẹ máa lò fún ọ̀sẹ̀ méjì sínú ìgò kékeré, kí ẹ sì di ìgò ńlá pa pẹ̀lú àpò silica gel nínú rẹ̀. Àpò yìí kì í wọ́n: inú páálí bàtà tuntun àti báàgì láti Balogun ló kún sí. Bí ó bá ti pẹ́ níta, ó ti mu omi yó. Ẹ da hóró rẹ̀ sórí àwo irin nínú ofin ní nǹkan bíi 120°C fún wákàtí kan sí méjì, kó tutù nínú ìgò tí a dé, ó ti di tuntun. Ìrẹsì tí a yan nínú páànù gbígbẹ náà ń ṣe díẹ̀, bí kò bá sí silica.

Orí ìdérí táńkì ni ọ̀pọ̀ ń gbé ìgò sí, nítorí ó wà nítòsí. Kò síbi tó burú jù ú lọ: oru omi ń gòkè lábẹ́ rẹ̀, gílóòbù ń gbóná rẹ̀, ọ̀rá inú kòkòrò á díkasì. Kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣókùnkùn ló dára. Fíríìjì náà dára, pẹ̀lú òfin kan: bí ẹ bá gbé ìgò jáde, ẹ má ṣí i fún ìdajì wákàtí. Ìgò tútù tí a ṣí nínú ooru máa ń làágùn sínú, òógùn yẹn sì ti tó láti mú kó hu èébu. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣí i, oṣù mẹ́ta ni kí ẹ fún un. Ìgò kékeré méjì sàn ju ńlá kan lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ sá fún èyí tí wọ́n bù sínú ọ̀rá tí wọ́n so kọ́ sójú oòrùn níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ mi ìgò: ó yẹ kó dún wíríwírí, kí ẹyọ kọ̀ọ̀kan máa rìn lọ́tọ̀. Bí ó bá ń ṣù, ọ̀rinrin ti wọ̀ ọ́. Bí ó bá jẹ́ pé eruku ló pọ̀ jù nísàlẹ̀, wọ́n ti gbé e káàkiri tàbí ó ti pẹ́. Òórùn rẹ̀ yẹ kó jọ ti edé gbígbẹ, kó má ta sánsán bí òróró àkísà. Ẹ fi mẹ́ta sínú ife omi: lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, èyí tó dára á rọ̀, á sì dúró bí ó ti rí, èyí tó ti bàjẹ́ á fọ́ sínú omi di ẹrẹ̀.

Ẹni tó ní asímà, tàbí tí ara rẹ̀ máa ń kọ nǹkan, kó má ṣí ìgò bloodworm. Hemoglobin inú kòkòrò yìí wà lára ohun tí ara èèyàn máa ń gbógun tì: ojú á máa yún, imú á máa ṣàn, àyà lè fún, ó sì lè jẹ́ pé lẹ́yìn ọdún méjì tí èèyàn ti ń lò ó láìsí nǹkan kan ló máa bẹ̀rẹ̀. Gbígbẹ ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí eruku rẹ̀ ń fò. Ẹ ṣí i níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ yín, ẹ fi ìbòmú bo imú, ẹ lo ẹ̀mú dípò ìka, kí ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé ki ọwọ́ bọ ìgò kó tó lọ nu ojú. Ọṣẹ àti omi lẹ́yìn náà.

Eruku tó kù nísàlẹ̀ ìgò kì í ṣe ìdọ̀tí, bí kòkòrò náà kò bá tíì bàjẹ́. Ẹ fi asẹ́ tíì sẹ́ ẹ, ẹ po ìwọ̀n orí ìṣáná kan mọ́ omi táńkì nínú ife, kí ẹ kán an sínú táńkì àwọn ọmọ guppy pẹ̀lú sírínjì, ẹ̀kán mẹ́ta mẹ́ta, láàárọ̀ nìkan.